Ọmọ Tí Ń Kọ Oúnjẹ: Ẹ̀kọ́ fún Gbogbo Òbí

Bíbélì kíkà: 1 Ọba 19:1-8, Máàkù 5:35-43, Éfésù 6:4

 

Ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá yìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìran, kì í ṣe ẹ̀kọ́ àlá, kì í sì í ṣe ti ogun ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré tí ìyá rẹ̀ gbé àwo síwájú rẹ̀, tí ó pa ẹnu dé, tí ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó ní òun kò jẹ. Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Bàbá, ṣé èyí náà tó ohun tí à ń wàásù lé lórí?" Ó tó o. Mo ti rí ilé tí ẹkún ti ń sọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ nítorí àwo ẹ̀kọ. Mo ti rí ìyá tí ó di ọmọ ara rẹ̀ nímú. Mo ti rí bàbá tí ó yọ pàṣán sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Èmi alára ni bàbá náà. N ó sọ ọ́ fún yín láìpẹ́.

ÈLÍJÀ LÁBẸ́ IGI

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Èlíjà. Èlíjà kì í ṣe ọmọdé. Wòlíì ni, akọni ni, ó ti pe iná sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Jésébẹ́lì bà á, ó sá lọ sí aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi kan. Ó rẹ̀ ẹ́, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Ó sì sùn lọ. Kò béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ni Ọlọ́run ṣe? Ó rán áńgẹ́lì sí i. Ẹ wo ohun tí áńgẹ́lì náà ṣe dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa wà. Kò na Èlíjà. Kò pè é ní aláìmoore. Kò fi ọwọ́ ya ẹnu rẹ̀. Ó gbé àkàrà tí a yan lórí ẹ̀yín iná síbi orí rẹ̀, ó gbé omi tì í, ó fọwọ́ kàn án, ó ní kí ó dìde jẹun. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú wa tí inú kò ní bí? A ó ní, "Mo se oúnjẹ tán, o fi ẹnu kàn án, o tún sùn! Èmi àti ìwọ ni lónìí!" Áńgẹ́lì kò bínú. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún fọwọ́ kàn án. Ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, pé ìrìn tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀. Èlíjà dìde, ó jẹ, agbára oúnjẹ náà sì gbé e rìn ní ogójì ọjọ́ títí dé Hórébù, òkè Ọlọ́run.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Áńgẹ́lì ló yan ohun tí wọ́n máa jẹ. Áńgẹ́lì ló yan àkókò. Áńgẹ́lì ló gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Èlíjà ló la ẹnu ara rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyẹn. Iṣẹ́ òbí ni kí ó gbé oúnjẹ tó dára kalẹ̀ ní àkókò rẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́. Iṣẹ́ ọmọ ni kí ó jẹ ẹ́, kí ó sì mọ ibi tí ó ti yó. Òbí tí ó bá pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì, tí ó wá ń ṣe iṣẹ́ ọmọ fún ọmọ, ogun ló dá sílẹ̀ nínú ilé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kan tí ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn kà á fún mi pé obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ellyn Satter, tí oúnjẹ ọmọdé jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ti ń kọ́ àwọn òbí bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Inú mi dùn. Mo ní, "Àṣé ohun tí áńgẹ́lì ti ṣe tipẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí!"

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún 1999, ìyàwó mi bí ọmọ wa kẹrin ní Ìfọ̀nyìn wa yìí, tí ìjọba ń kọ ní Ifangni. Ẹ̀gbọ́n tí ọmọ náà tẹ̀ lé, ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ọdún méjì. Oyún àbúrò ló mú kí a tètè gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Bí àbúrò ti délẹ̀ báyìí, ọmọ yìí kọ oúnjẹ. Bí a bá gbé ẹ̀kọ fún un, ó kọ̀. Àmàlà, ó kọ̀. Ẹ̀bà, yóò fi ọwọ́ pín in káàkiri àwo, kò ní fi kan ẹnu. Bisikíìtì nìkan ló ń béèrè.

Mo ti oko ọ̀pẹ dé lọ́jọ́ kan, ó rẹ̀ mí, mo bá ìyàwó mi tí ń sunkún, ọmọ ń sunkún, oúnjẹ wà nílẹ̀. Mo mú pàṣán. Mo na ọmọ náà. Ó jẹ òkèlè méjì pẹ̀lú omijé, ó sì bì í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àgbà obìnrin kan nínú ẹbí ní kí a rọ ọ́ ní ẹ̀kọ bí wọ́n ti ń rọ ọmọ látijọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ṣe abọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n di imú rẹ̀, wọ́n da ẹ̀kọ sí i. Ẹ̀kọ pá a lórí. Ojú rẹ̀ yí, ara rẹ̀ dákẹ́. A ké pe Jésù, a dojú rẹ̀ délẹ̀, a gbá a lẹ́yìn, kí ó tó ké. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ yẹn bá ti rí abọ́ lásán, ẹkún ni.

Wọ́n wá ní emèrè ni. Wọ́n ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ́ ọ lójú oorun. Èmi náà gbà á gbọ́. Mo pinnu pé gbogbo ilé yóò gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ náà pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ o: ọmọ tí kò jẹun, èmi bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó gbààwẹ̀! Ẹ lè bá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí mo bá rántí rẹ̀ lóru, mo máa ń dìde jókòó.

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ ni Ọlọ́run lò. Ó ti sùn nínú Olúwa báyìí. Ó wọlé, ó wo ọmọ náà, ó bi mí léèrè pé, "Bàbá ọmọ, ta ni ọmọ yìí ń bá jẹun?" Mo dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ń fún ọmọ tuntun lọ́mú. Èmi ń dá jẹun ní yàrá mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹun nínú àwo kan, kí ọwọ́ tirẹ̀ tó dé ìdí àwo, wọ́n ti lá a tán. Ìyá àgbà tún bi mí pé, "Kí ló wà nínú ọbẹ̀?" Mo ní ata ni, àti epo. "Ẹja ńkọ́?" Ará mi, inú àwo tèmi ni ẹja wà.

Ó ní kí a gbé ọmọ náà wá sọ́dọ̀ òun fún ọjọ́ díẹ̀. Kò gbàdúrà tó pariwo. Ó tẹ́ ẹní, ó bu mọ́ínmọ́ín sínú abọ́ kékeré kan fún ọmọ, ó bu tirẹ̀ sínú òmíràn, ó ń jẹ tirẹ̀, ó ń pa àlọ́. Kò sọ pé "jẹ." Lọ́jọ́ kìíní, ọmọ kò fọwọ́ kàn án. Ó palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láìbínú. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ fi ìka kan tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ kẹta, ó na ọwọ́ sínú abọ́ ìyá àgbà, kì í ṣe sínú tirẹ̀! Ìyá àgbà kàn sún abọ́ náà mọ́ ọn ni. Ìyá yìí kan náà ló ní kí a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì wo ìwé ìwọ̀n rẹ̀, ó ní láti oṣù mẹ́ta ni kò ti fi nǹkan kan kún un. Ó bá a wí aràn, ó fún un ní oògùn. Ọmọ náà yè. Ó ti di ìyá ọmọ lónìí. Ògo ni fún Ọlọ́run.

ÌDÍ TÍ ỌMỌDÉ FI Ń KỌ OÚNJẸ

Ẹ má ṣe tètè pè é ní oríkunkun. Ó ní ìdí.

Èkínní, ìdàgbà rẹ̀ ti dín eré kù. Ọmọ tí a bí ní kílò 3 máa ń tó nǹkan bí kílò 9 nígbà tó bá pé ọdún kan. Ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn! Ṣùgbọ́n láti ọdún kan sí ọdún méjì, bíi kílò 2 àbọ̀ péré ni yóò tún fi kún un. Ara tí kò sáré dàgbà mọ́, kò ní béèrè oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá rí i pé oúnjẹ ṣẹ́ kù, àyà rẹ̀ já, bẹ́ẹ̀ ọmọ ti yó. Ikùn ọmọdé kéré, ẹ má fi ojú ikùn àgbà wò ó.

Èkejì, ẹ̀rù ohun tuntun. Ní bí ọdún méjì ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run ló fi í sí wọn lára. Ọmọ tí ó ti ń rìn káàkiri, bí ó bá ń ki gbogbo ewé àti gbogbo èso bọ ẹnu, ṣé yóò pẹ́ láyé? Nítorí náà, bí ó bá rí ẹ̀fọ́ gbọ̀mà nígbà àkọ́kọ́ tí ó sì pa ẹnu dé, ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wádìí rẹ̀ rí i pé ọmọ lè tọ́ oúnjẹ tuntun wò lẹ́ẹ̀mẹjọ, lẹ́ẹ̀mẹwàá, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó gbà á. Àwa ńkọ́? Lẹ́ẹ̀kejì ni a ti ń sọ pé, "Èyí kì í jẹ ẹ̀fọ́." Ọmọ náà gbọ́, ó sì gbà pé òun kì í jẹ ẹ̀fọ́ lóòótọ́.

Ẹ̀kẹta, inú rẹ̀ ti kún. Ìgòlò kò jìnnà sí wa, ọjà ń ti ẹnu ibodè wọlé lójoojúmọ́, bisikíìtì àti bọ́nbọ́n kò wọ́n. Ọmọ ń sunkún, a fún un ní bisikíìtì. Àlejò dé, ó fún un ní bọ́nbọ́n. Ó mu omi ṣúgà lé e. Nígbà tí oúnjẹ yóò fi délẹ̀, a ní kò jẹun. Ó ti jẹun o! Ohun tí kò ní láárí ló jẹ.

Ẹ̀kẹrin, àìsàn. Ibà, aràn inú, egbò ẹnu, eyín tí ń hù, ọ̀fun tí ń dun ọmọ: gbogbo rẹ̀ ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu. Ọmọ kò lè sọ ibi tó ń dùn ún.

Ẹ̀karùn-ún, ọkàn rẹ̀. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá lánàá, tí ó rí ẹlòmíràn níbẹ̀ lónìí, ìbànújẹ́ bá a. Obìnrin dókítà kan, Cicely Williams, ọmọ ìlú Jàmáíkà, ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí. Ní ọdún 1933 ó kọ ìwé nípa àìsàn kan tí ń mú ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí awọ wọn ń bó. Ní ọdún 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Gà ń pè é sínú ìwé: kwashiorkor. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tí ń bá ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò bá dé. Àwọn ìyá Gà ti mọ̀ ọ́n kí dókítà tó dé. Wọ́n gba ọmú lẹ́nu ọmọ, wọ́n fi ẹ̀kọ àgbàdo lásán rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin abiyamọ, nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìkómọ ọmọ tuntun, ẹ wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ọwọ́ àwa tí a sè é. Ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ ń ta àgbà lẹ́nu, báwo ni ọmọ ọdún kan yóò ṣe jẹ ẹ́?

NÍPA RÍRỌ ỌMỌ

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà ni a rọ kí wọ́n tó dàgbà, wọ́n sì wà láàyè. Ẹ má fi èyí tó yè wọn èyí tó kú. Ihò oúnjẹ àti ihò èémí fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ní ọ̀fun. Ọmọ tí a di nímú gbọ́dọ̀ fi ẹnu mí, ẹnu náà sì ti kún fún ẹ̀kọ. Bí ẹ̀kọ bá gba ọ̀nà èémí, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró lè ti ibẹ̀ wá, ikú sì lè ti ibẹ̀ wá. Bí kò tilẹ̀ pa á, ẹ̀rù abọ́ ti wọ ọ́ lára, bí ó ti wọ ọmọ tèmi.

Kì í ṣe Ìfọ̀nyìn nìkan. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí láti Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá Yorùbá ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Wọ́n bá rírọ ọmọ níbẹ̀. Wọ́n sì rí ohun kejì: ẹ̀kọ tí wọ́n ń rọ náà ṣàn púpọ̀, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ yó, ṣùgbọ́n ara kò rí nǹkan. Àwọn àti àwọn ìyá náà wá jọ ṣe ẹ̀kọ mìíràn, wọ́n pè é ní Ẹ̀kọ Ìlera: ògì àgbàdo tí a po ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan mọ́, pẹ̀lú epo pupa àti ṣúgà díẹ̀. Ẹ wo ó, èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni kò sí nílé wa? Ilẹ̀ ọ̀pẹ la wà! Ẹ̀wà wà lọ́jà. Ẹ yan ẹ̀wà, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ jẹ́ kí ó jinná dáadáa nínú ẹ̀kọ náà, kí ó ki, kí ó má ṣàn lórí ṣíbí bí omi.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ àti omi rẹ̀. Ẹ má rọ ọ́ ní àgbo, ẹ má rọ ọ́ ní ẹ̀kọ.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

1. Ẹ ní àkókò. Láti oṣù 9 títí dé ọdún méjì, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ló tọ́ sí ọmọ tó ṣì ń mu ọmú, pẹ̀lú ìpápánu bí ó bá fẹ́: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, àkàrà. Láàárín àkókò wọ̀nyí, omi tó mọ́ ni, kì í ṣe bọ́nbọ́n. Ebi ni ọbẹ̀ tó dùn jù.

2. Ẹ fún un ní abọ́ tirẹ̀. Èyí ni ẹ ó fi mọ bí ó ti jẹ tó, àwọn ẹ̀gbọ́n kò sì ní gbọ̀n ọ́n gbẹ.

3. Ẹ bu díẹ̀. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán, ẹ tún bu sí i. Oúnjẹ tó pọ̀ rẹpẹtẹ ń dẹ́rù ba ọmọdé.

4. Ẹ gbé oúnjẹ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó mọ̀. Bí ó bá jẹ ẹ̀kọ tútù, ẹ fi ẹ̀fọ́ díẹ̀ sí etí rẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ kàn án, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ tún gbé e wá ní ọjọ́ kẹta. Áńgẹ́lì wá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin lè ní láti wá lẹ́ẹ̀mẹwàá.

5. Ẹ bá a jẹun. Ọmọ kì í jẹ ohun tí a pàṣẹ fún un bí ó ti ń jẹ ohun tí ó rí lẹ́nu wa. Bàbá tó ń sọ níwájú ọmọ pé, "Èmi kì í jẹ ẹ̀wà," kí ó má bínú sí ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀wà.

6. Ẹ má fi bọ́nbọ́n bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sọ pé, "Jẹ ẹ̀fọ́ kí n fún ẹ ní bọ́nbọ́n," ohun tí ẹ kọ́ ọ ni pé ẹ̀fọ́ jẹ́ ìyà, bọ́nbọ́n jẹ́ èrè.

7. Ẹ má se oúnjẹ mẹ́ta fún ọmọ kan. Ẹ wá ohun kan tó lè jẹ sínú oúnjẹ ilé, kí gbogbo ilé jẹ ẹ́. Ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó da ata sí i.

8. Bí ó bá ti yó, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ palẹ̀ mọ́ láìbínú. Ebi yóò rán an wá nígbà tí àkókò bá tún tó.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú: ẹ má fún ọmọ kékeré ní ẹ̀pà odindi, ẹ yọ egungun ẹja dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ó máa sáré kiri pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu.

ẸYIN ÀTI ẸJA

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin bàbá sọ̀rọ̀ níbí. Wọ́n sọ fún àwa nígbà èwe wa pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Wọ́n ní ẹran kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn olè tí a mọ̀ ní ìlú yìí, ṣé ẹyin ni wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà? Ẹyin, ẹja, ẹran, wàrà, ẹ̀wà: ìwọ̀nyí ni ń kọ́ ara ọmọ. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún sọ ọ́ gbangba pé kí ọmọ oṣù 6 sí ọdún méjì máa rí ẹran, ẹja tàbí ẹyin jẹ lójoojúmọ́. Bàbá tí ó ń jẹ orí ẹja àti ìrù ẹja, tí ọmọ ọdún méjì ń fi ata àti epo jẹ ẹ̀bà, tí ó tún ń sọ pé ọmọ yìí ń ṣa oúnjẹ jẹ: ta ni ó ń ṣa oúnjẹ jẹ nínú àwọn méjèèjì? Èmi ni mo ń bá wí o, kí ẹnikẹ́ni má bínú.

Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn bàbá ará Éfésù pé kí wọ́n má máa mú ọmọ wọn bínú. Ibi tí a ti ń mú ọmọdé bínú jù ni ìdí àwo oúnjẹ.

ÌRAN ÀTI ÌWỌ̀N

Ará, mo gba àdúrà gbọ́. Àdúrà ló gbé mi dé ibí. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn ọmọ Jáírù dé òpin. Ọmọ ọdún méjìlá, ó ti kú, Jésù jí i dìde. Kí ni Olúwa sọ tẹ̀ lé e? Ó ní kí wọ́n wá nǹkan fún un jẹ. Ẹni tó jí òkú kò sọ pé oúnjẹ kò wúlò mọ́! Ìyanu ti ọ̀run wá, oúnjẹ ti ilé ìdáná wá, Olúwa kan náà ló pàṣẹ méjèèjì.

Nítorí náà, bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, kí a tó ní emèrè ni, kí a tó ní àbíkú ni, ẹ gbé e lọ wọ̀n. Ní àwọn ọdún 1950, òyìnbó dókítà kan, David Morley, wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé láti tọ́jú àwọn ọmọdé. Ó fi ìwé kan lé àwọn ìyá lọ́wọ́, tí a máa ń fi àmì ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, kí ìyá lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ọmọ ń gòkè. Láti ilẹ̀ Yorùbá ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé. Irú rẹ̀ ló wà nínú ìwé tí wọ́n ń fún yín ní ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ má fi í dí ẹnu ìgò epo. Bí àmì náà bá ń gòkè, ọkàn yín balẹ̀, ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ ń rí èyí tó tó o gbà. Bí ó bá dúró sójú kan, tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má sùn lé e.

Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí: ọmọ kò lè mu omi tàbí ọmú; ó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ; ara rẹ̀ gbóná; ìgbẹ́ gbuuru kò dá; ẹsẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ wú; irun rẹ̀ pọ́n, ó sì rọ̀; oúnjẹ ń pá a lórí nígbà gbogbo; ó ti ń rù tí egungun rẹ̀ hàn. Ẹ máa gbàdúrà lójú ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ má sì dúró.

Ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin aríran, mo bẹ̀ yín. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí kò jẹun wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìyá àgbà yẹn bi mí: ta ni ó ń bá jẹun? Kí ló wà nínú ọbẹ̀? Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n? Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ààwẹ̀ lé ọmọ kékeré lórí. Ààwẹ̀ jẹ́ ti àgbà tó mọ ohun tí òun ń fi sílẹ̀ àti Ẹni tí òun ń fi í sílẹ̀ fún.

ÌPARÍ

Ẹ rántí pé àwa náà ti kọ oúnjẹ Ọlọ́run rí. Mélòó nínú wa ló gbọ́ ọ̀rọ̀ Rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó gbà á? Ó gbé e wá ní ìgbà èwe wa, a yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún gbé e wá nígbà ìṣòro, a tọ́ ọ wò, a tún sùn. Kò di wá nímú. Kò kó àwo Rẹ̀ kúrò pátápátá. Ó ń padà wá, Ó ń fọwọ́ kàn wá, títí a fi dìde jẹun. Bí Ó ti ṣe sùúrù fún wa, ẹ jẹ́ kí a ṣe é fún àwọn ọmọ wa. Ọ̀nà tí wọ́n máa rìn ṣì jìn.

Àdúrà: Olúwa Ọlọ́run wa, Ìwọ tí ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run, bọ́ àwọn ọmọ wa. Fún wa ní ohun tí a ó gbé ka iwájú wọn. Gba pàṣán lọ́wọ́ ìbínú wa, fi sùúrù sí i. Ọmọ tó ń ṣàìsàn, wò ó sàn. Ìyá tí ó ti rẹ̀, gbé e ró. Bàbá tí kò ní, pèsè fún un. Bàbá tí ó ní tí kò fún ọmọ, yí ọkàn rẹ̀ padà. A kò ní fi ọwọ́ ara wa pa ohun tí O fi fún wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Orin tí àwọn ọmọdé lè kọ kí wọ́n tó jẹun:

Baba wa, a dúpẹ́ oúnjẹ òní,
Ẹni tó gbìn ín, ẹni tó sè é, bù kún un;
Fún ọmọdé ní ẹnu tí yóò fi jẹ ẹ́,
Fún àgbà ní sùúrù tí yóò fi dúró tì í.
Àmín.